Mítà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Rà: Àwọn Irinṣẹ́ Tí Mo Kó Wálé L'Adó-Èkìtì àti Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Dán Tiyín Wò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń bi mí níbi iṣẹ́ àti nínú ẹbí pé irinṣẹ́ wo lo rà, níbo lo ti rà á, ṣé ó dáa, ṣé káwa náà lọ rà á, torí wọ́n rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé kọ́tìnì kọ́ sí pálọ̀, tí mo gbé ṣẹ́ẹ̀fù kọ́ sí kíṣìnì, tí kápẹ́ńtà kankan ò sì wọlé wa. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe rà á àti bí mo ṣe dán an wò, kí ẹni tó bá fẹ́ rà tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo rà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: mítà àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń wọn iná (kì í ṣe èyí tó ń ka owó iná lára ògiri o), ẹkisitẹ́ńṣọ̀n olójú mẹ́rin, fáànù tó ń gba ṣájì, dírílì oníbátìrì pẹ̀lú bíìtì ẹ̀ (irin ẹnu ẹ̀ tó ń lu ihò), tépù, lẹ́fẹ́lì (tá a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú), àti ẹ̀rọ ìgúnyán. Mi ò ní kọ iye tí mo rà wọ́n o, torí iye tí wọ́n pè lánàá kọ́ ni wọ́n máa pè lọ́la, ẹ̀yin náà kúkú ń ná ọjà. Bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tò tẹ̀ lé ra ni mo fẹ́ sọ, torí èmi ò tò ó dáadáa, ìyẹn ló sì kó bá mi.

Fáànù ni mo kọ́kọ́ rà. Ọkùnrin tó tà á fún mi so ó mọ́ iná, ó fẹ́ atẹ́gùn bí ọyẹ́, mo sanwó, mo gun ọkadà, ó di ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, tí iná bá lọ, kí n tó se ìrẹsì tán fáànù ti kú. Mo gbé e padà, ó ní "Àǹtí, ẹ ti lò ó, kò sí bá a ṣe fẹ́ gbà á." Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ní Ìjìgbò ló bá mi tú u, ó fi mítà kan bátìrì ẹ̀, bátìrì tó yẹ kó wà ní fóòtì 12 (fóòtì ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe le tó, V ni wọ́n ń kọ fún un) wà ní 9 àti díẹ̀, lẹ́yìn tó ti gba ṣájì mọ́jú! Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí mítà yìí bá wà nínú báàgì yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ rà á ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń ṣe gbogbo èyí tó kù.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ rìn yí ilé yín ká

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ kọ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rí nínú fóònù. Kọ́tìnì tó ń já bọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná, ilẹ̀kùn tí ò padé. Ẹ wọn ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé nǹkan sí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní irin kan tí mo fẹ́ gé láyé mi. Ìwé yẹn ló gbà mí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ra mítà, kẹ́ ẹ kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó ra nǹkan mìíràn

Èyí tó ń gbé nọ́ńbà jáde lójú ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn yẹn sílẹ̀ fáwọn àgbà oníṣẹ́. Àwọn kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó wọ́pọ̀ yẹn máa ṣe iṣẹ́ bátìrì dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa fi kan iná ògiri, ẹ wo ara ẹ̀ bóyá wọ́n kọ CAT III 600V síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo waya ẹ̀ bóyá ó nípọn, torí waya tó fẹ́lẹ́ bí òwú ò yẹ ẹni tó fẹ́ sún mọ́ iná. Ẹ bèèrè èyí tó máa ń dún "píìì" tí ẹnu waya méjèèjì bá kanra, ìyẹn lẹ máa fi mọ̀ bóyá waya kan ti já nínú tàbí fíúsì ti jó.

Ihò mẹ́ta ló máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Waya dúdú, inú COM ni ilé ẹ̀ títí láé. Waya pupa, inú èyí tí wọ́n kọ V sí. Ihò kẹta tí wọ́n kọ 10A sí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo tún un sọ o, ẹ gbàgbé ẹ̀. Tí waya pupa bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, bí ìgbà tẹ́ ẹ mú waya so ẹnu iná méjèèjì pọ̀ ni, ó máa bú gbàmù, ọwọ́ yín ló sì sún mọ́ ọn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́. V tó ní ìlà kọ́lọkọ̀lọ bí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti iná ògiri nìyẹn. V tó ní ìlà títọ́, ti bátìrì nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá mọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà tó ga jù kẹ́ ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀. Bátìrì rìmóòtù ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ fún bí ọjọ́ méjì, tuntun máa fún yín ní 1.5 tàbí kó lé díẹ̀, èyí tó ti kú á wà ní 1.2 sísàlẹ̀. Ẹ wọn gbogbo bátìrì tó wà nílé, ẹ wọn ti tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọn ti aago ògiri, kọ́wọ́ yín mọ́ ọn lára.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn lẹ tó lè kan iná ògiri, kẹ́ ẹ wọ bàtà onírọ́bà, kọ́wọ́ yín gbẹ, kẹ́ ẹ di ibi rọ́bà mú, káwọn ọmọ má sì sí nítòsí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ilẹ̀kùn kékeré dí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi tipá ṣí i, ẹ wá ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí ò ní ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lára ẹ̀. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ní Nàìjíríà ni bí 230. Ní ilé wa ní Básírì, mo ti rí 171 rí ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ń se oúnjẹ, ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí fíríìjì mi fi ń kérora bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde. Tó bá sì ju 250 lọ, ẹ yọ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná kó tó di pé wọ́n yọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí àpáta tó wà lábẹ́ wa níbí. Ìhò òkè lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ti éètì, ìyẹn waya tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò kó gba ara yín. Tẹ́ ẹ bá ki waya kan bọ ihò òkè, tẹ́ ẹ ki èkejì bọ ihò ọ̀tún nísàlẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà kan náà tàbí èyí tó sún mọ́ ti ihò méjèèjì ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Nílé wa, 40 àti díẹ̀ ni mo rí. Nígbà tá a máa wú ọ̀pá éètì, kò ju gígùn apá èèyàn kan lọ, oníṣẹ́ tó rì í gún àpáta, ó wò yíká, ó mú ayùn irin, ó bá gé e sí ibi tó dé! Ilé tó jókòó sórí òkúta l'Èkìtì yìí pọ̀, ẹ wọn tiyín wò. Tó bá rí bíi tiwa, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kó wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ nínú ọgbà, kó rì í síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi tàbí tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, kẹ́ ẹ mú bíléèdì àti òòfà dání

Mo gba òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, inú pọ́ọ̀sì mi ló ń gbé báyìí. Ẹ fi kan irin mẹ́ta ẹnu ẹkisitẹ́ńṣọ̀n yẹn. Tó bá fà á, irin lásán tí wọ́n fi omi idẹ bò ni, ó máa gbóná, ó máa dípẹtà. Idẹ gidi kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹnu waya tí wọ́n bá fẹ́ gé e fún yín lórí róòlù, ẹ fi bíléèdì họ ọ́ díẹ̀. Tó bá pọ́n dé inú, bàbà ni. Tó bá funfun nínú, àlùmíníọ̀mù ni wọ́n pa láró, ẹ bá tiyín lọ. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ bínú nígbà tí mo yọ bíléèdì, mo ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ẹni ejò ti bù jẹ rí ni mí, ẹ̀rín la fi parí ẹ̀.

Ohun tó ń jó ilé ni pé a máa ń ro pé ihò mẹ́rin, nǹkan mẹ́rin. Rárá o. Fíúsì tó wà nínú ẹnu ẹ̀ jẹ́ áńpù 13, 13 lọ́nà 230 ò ju bíi wáàtì 3,000 lọ. Kẹ́tùlù tó jẹ́ 2,000 àti áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,200, àwọn méjèèjì nìkan ti kọjá ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ní, wọ́n máa ń kọ W síbẹ̀, ẹ ro ó pọ̀. Kẹ́ ẹ sì tú waya ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún nǹkan tó ń gbóná, èyí tá a ká jọ bí gèlè yẹn, inú ara ẹ̀ ló ti ń sè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fáànù, lẹ́ẹ̀kejì

Mo padà lọ ra òmíràn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn nítòsí Ọjà Ọba, pẹ̀lú mítà lọ́wọ́. Mo ní kó bá mi tú ṣúkúrù ibi tí bátìrì wà. Ẹni tí ò bá gbà, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ wá wọn bátìrì náà. Bátìrì olójé tó wúwo yẹn, tó bá kún, 12.6 sí 12.8 ló yẹ kó wà. Tó bá wà ní 12 sísàlẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba iná, ó ti pẹ́ lórí igbá tàbí ó ti ń ṣàìsàn. Ẹ wá tan fáànù náà sí èyí tó le jù, kẹ́ ẹ fi ẹnu mítà sílẹ̀ lára bátìrì, ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dúró ní 12 àti díẹ̀, ó dáa. Tó bá ń já bọ́ bí ẹni tó yọ̀ lórí òkè Olósùnta, tó ti dé 11 kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́.

Wọ́n máa sọ fún yín pé wákàtí 24 ló máa lò. Ẹ bi wọ́n pé lórí nọ́ńbà wo? Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ó rọrùn. Lára bátìrì wọ́n á kọ 12V 7Ah, 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Fáànù tó ń jẹ wáàtì 20 nígbà tó le jù, 84 pín sí 20, ó jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀, bátìrì á sì ti gbẹ kanlẹ̀. Bátìrì olójé ò sì fẹ́ kéèyàn fa á tán bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, wákàtí méjì ni kẹ́ ẹ fọkàn sí lórí èyí tó le jù, lórí èyí tó rọra á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kẹ́ ẹ má sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìní iná nínú tí ọyẹ́ bá dé tí ooru lọ, ẹ máa ṣájì ẹ̀ lóṣooṣù bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ lò ó, torí bátìrì olójé tó bá sùn láìjẹun kì í jí bó ṣe wà mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dírílì, kẹ́ ẹ má gba sítíkà ara ẹ̀ gbọ́

Ibí yìí ni mítà ti san owó ara ẹ̀ padà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, dírílì oníbátìrì tò lọ kítikìti, ọ̀kan kọ 48V, òmíràn kọ 88V, ọmọkùnrin tó ń tà á ní "Àǹtí, ti 88 yìí ló lágbára jù, ṣé ọkọ yín ló rán yín ni?" Mo ní rárá, èmi ni mo fẹ́ lò ó. Mo yọ bátìrì ẹ̀, mo fi mítà kan ẹnu irin méjèèjì. 20.4! Mo mú ti 48, òun náà 20 àti díẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kéékèèké márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ nínú gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì lè ju 4.2 lọ tó bá kún, márùn-ún lọ́nà 4.2 jẹ́ 21, ibo ni 88 ti fẹ́ wá? Ọmọ náà wo mítà, ó wo mi, ó ní "Ṣé oníṣẹ́ iná ni yín ni?" Mo ní tíṣà ni mí. Owó ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o. 18, 20, 21, ìdílé kan náà ni wọ́n, ó sì tó fún iṣẹ́ ilé. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò nìyí. Àkọ́kọ́, kó ní àmì òòlù lọ́rùn, ìyẹn hámà, láìsí ìyẹn ẹ máa kọrin lójú ògiri ni, ẹ ò ní lu ú. Ìkejì, kí bátìrì ẹ̀ jẹ́ méjì. Ìkẹta, ẹ ki bíìtì tó tọ́ bọ ẹnu ẹ̀, ẹ tàn án, ẹ wo ṣóńṣó bíìtì náà, tó bá ń jó yí ká dípò kó dúró lójú kan, ẹnu ẹ̀ ti wọ́. Ẹ wá ní kó fún yín ní búlọ́ọ̀kù tó fọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ lu ú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jó láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Tépù àti lẹ́fẹ́lì ò gba àkókò. Irin kékeré tó wà lẹ́nu tépù máa ń mì díẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè wọn inú àti ìta bákan náà láìṣì, ẹ má fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀ bí mo ṣe rí i tí kápẹ́ńtà kan ṣe. Lẹ́fẹ́lì ní tiẹ̀, ẹ gbé e lé kántà, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ inú gíláàsì ẹ̀ dúró sí, ẹ yí i kí iwájú di ẹ̀yìn lójú ibi kan náà. Tó bá dúró síbi kan náà, ó ń sọ òótọ́. Mo dán mẹ́ta wò, ọ̀kan ṣoṣo ni ò parọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀rù lílu ògiri

Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lu. Ẹ má lu òkè tàbí ìsàlẹ̀ súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́gangan o, waya máa ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ògiri tí bàlùwẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ bi láńlọ́ọ̀dù ibi tí páìpù gbà kẹ́ ẹ tó gbé dírílì.

Bíìtì ògiri yàtọ̀ sí ti igi, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Iye tí wọ́n kọ sára bíìtì gbọ́dọ̀ bá ti fíṣà mu, ìyẹn rọ́bà tí ṣúkúrù máa ń wọ̀. Fíṣà 6, bíìtì 6. Ẹ fi fíṣà wọn bíìtì, ẹ lẹ séló mọ́ ọn lára níbi tó gùn dé, kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dúró. Ẹ ká ìwé bí àpò, ẹ lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àmì yẹn kó máa gba eruku. Ẹ wọ awò ojú, ti oòrùn náà ṣì sàn ju ojú lásán lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí hámà, díẹ̀díẹ̀, kí bíìtì rí ojú ibi tó máa dúró, torí tẹ́ ẹ bá fi hámà bẹ̀rẹ̀ ó máa sá kiri ojú pẹ́ńtì bí ewúrẹ́. Tó bá ti jìn díẹ̀ lẹ wá yí i sí hámà. Ẹ má tì í tagbára-tagbára, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ máa fà á jáde sẹ́yìn kí eruku lè bọ́. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò náà tán kẹ́ ẹ tó ki fíṣà bọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ dijú.

Ohun méjì ló máa pàdé yín. Àkọ́kọ́, òkè fèrèsé, níbi tí gbogbo wa ń fẹ́ gbé irin kọ́tìnì kọ́, líńtẹ̀lì ló wà níbẹ̀, kọnkéré àti irin róòdù. Tẹ́ ẹ bá lu ú tí ò wọlé mọ́, tó ń han bí ẹní họ ìkòkò, irin lẹ bá yẹn, ẹ sún un sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bí ìka méjì, ẹ má bá a jà, bíìtì mi méjì ló kú kí n tó gbà. Ìkejì, inú búlọ́ọ̀kù ṣófo. Tí dírílì bá ṣàdéédéé wọlé wọ̀ọ̀, fíṣà kékeré ò ní dì mú níbẹ̀, á kàn máa yí ni. Ẹ lo èyí tó gùn, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bí àwọn bàbá kápẹ́ńtà ti ń ṣe é, ẹ gbẹ́ igi líle ṣóńṣó, ẹ fi òòlù gbá a wọ ihò náà, ẹ gé e kó bá ògiri dọ́gba, kẹ́ ẹ wá ki ṣúkúrù bọ igi yẹn. Ṣẹ́ẹ̀fù kíṣìnì mi, orí igi mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ló wà, ìkòkò ìṣasùn mi ló jókòó lé e. Ilé alámọ̀ bíi ti ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́ ní tiẹ̀, ẹ má lo hámà rárá, ìwọ̀nba ìdajì ògiri ló máa bá a wá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka ẹ̀yìn nǹkan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun

Àǹtí ọkọ mi fi bílẹ́ńdà kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ó rẹwà, gbogbo ilé yọ̀. Mo so ó mọ́ iná, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì rú èéfín, ó tán. Iná tiwọn lọ́hùn-ún jẹ́ 120, tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, 120V 60Hz, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó yí i padà wò. Èyí tí wọ́n bá kọ 100–240V sí, bíi ti ṣájà fóònù, kò sí wàhálà. Èyí tó bá wá láti ìlú Ọba bá tiwa mu. Tọ́kùnbọ̀ lórí ilẹ̀ l'ọ́jà ńkọ́? Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wo bó ṣe ń dán.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ̀rọ ìgúnyán, pẹ̀lú àforíjì fún gbogbo ọmọ Èkìtì

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti pòṣé báyìí. Ẹ gbọ́ ná. Ọwọ́ mi ń dùn mí, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, ta ló fẹ́ bá mi gbé ọmọ odó? Ẹ má gé iṣu fàlàfàlà bí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gún, ẹ gé e kéékèèké, ẹ sè é kó rọ̀ ju ti odó lọ díẹ̀. Ẹ da omi ẹ̀ sínú abọ́, ẹ má dà á nù. Ìdajì ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kún, kì í ṣe dé ẹnu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, torí mọ́tò ẹ̀ kì í fẹ́ sáré lọ láìmí, ìgbà tó bá gbóná tó ń rùn lẹ máa mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ fi igi ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sáàárín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná, ibẹ̀ ni kókó máa ń sá pamọ́ sí. Omi gbígbóná tẹ́ ẹ dá sí yẹn, ṣíbí kan, ṣíbí kan. Ẹ má gbé e lé jẹnẹrétọ̀ kékeré o, mọ́tò máa ń gba iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, tèmi tẹ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjerò, mo gbé ìyán náà kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n bu èkejì. Wọ́n ní "Ìyàwó, uyán yìí kúná, àmọ́ mi ò gbọ́ ìró odó." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú Màmá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní kí n bu sí i. Kò fà bíi ti odó o, ká má parọ́ fúnra wa, ti odó ṣì ni baba. Àmọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ti tó.

Èyí tó kù: yíyá wọn fún èèyàn

Tí àdúgbò bá ti gbọ́ pé ẹ ní dírílì, ẹ ti di ilé iṣẹ́. Mo ra ìwé kékeré kan, mo so bírò mọ́ ọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá yá nǹkan á kọ orúkọ, á kọ ọjọ́, á kọ iye bíìtì tó mú lọ, torí dírílì máa ń padà wálé, bíìtì ni kì í padà. Tí wọ́n bá dá bátìrì dírílì padà, mo máa ń wọ̀n ọ́n lójú wọn, tó bá ti sọ̀ sí 15 mo mọ̀ pé wọ́n fà á kanlẹ̀, mo sì máa ń ní kí wọ́n bá mi lọ ṣájì ẹ̀ wá. Lánàá, mo ṣí ìwé náà wò, dírílì wà lọ́wọ́ bàbá tó ń ta pákó ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, lẹ́fẹ́lì wà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ìgúnyán wà nílé ìyá ọkọ mi ní Ìjerò láti Sátidé, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fi han ẹnì kan ni.